Olùdarí Tí Pílánẹ́ẹ̀tì Ń Kí

Ọkùnrin kan wà tó gbà pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń kí òun. Kì í ṣe ọ̀mùtí, orí rẹ̀ kò dàrú, ìwé tó sì ti kà pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí náà pá. Ohun tó ṣe é kò ju pé wọ́n fi í jẹ ọ̀gá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọ̀gá rí, ẹ ti mọ ìdajì ìtàn yìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdajì tó kù.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀dà títì ti tán. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni gbígbọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ kan lójú òfuurufú, ọkọ̀ tí kò gbé èèyàn, tó ń yí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan po, ọ̀kan tó ní òrùka lára. Ibẹ̀ jìnnà débi pé bí wọ́n bá fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ọkọ̀ náà, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni àṣẹ ọ̀hún máa fi rìn kó tó dé. Ìdáhùn náà á sì rìn bẹ́ẹ̀ kó tó padà wálé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfìfo ni ojú òfuurufú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tí iná mànàmáná ń rìn nínú rẹ̀, pílásímà ni wọ́n ń pè é. Bí omi ṣe máa ń ru ìgbì tí èèyàn bá ju òkúta sí i, bẹ́ẹ̀ ni pílásímà náà ń ru ìgbì yí pílánẹ́ẹ̀tì ká. Ọkọ̀ náà na wáyà gígùn méjì síta bí ìwo ìgbín, ó ń fi mọ ìgbì náà lára, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa á sì sọ ọ́ di ohùn tí etí lè gbọ́.

Obìnrin tó ń gbọ́ ọ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Àǹtí Elétí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń jókòó sínú yàrá kótópó kan ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú hẹ́dífóònù kan tó ti fi òwú dúdú rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó mọ ìgbì tó ń súfèé láti òkè wá sílẹ̀, ó mọ èyí tó ń dún bí ẹyẹ nídàájí, ó mọ èyí tó ń ta bí òjò lórí páànù. Oyún ọmọ rẹ̀ kejì wà nínú rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọmọ ọ̀hún ti ń fá irùngbọ̀n báyìí.

Àmọ́ ibì kan kù tí kò sí etí tó dé ibẹ̀ rí: àlàfo tó wà láàárín pílánẹ́ẹ̀tì náà àti òrùka rẹ̀. Epo ọkọ̀ sì ti ń tán. Wọ́n ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nígbà tí epo bá tán, ọkọ̀ náà á gba inú àlàfo yẹn kọjá, á máa gbọ́, á máa ròyìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lẹ́yìn náà á já sínú pílánẹ́ẹ̀tì, á jóná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn ni Àǹtí Elétí ń dúró dè.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé Olùdarí tuntun dé.

Ìwé àkọ́kọ́ tó fi síta kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó sọ pé bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa pe òun ni Olùdarí Àgbà Gbogbogbòò, Etí Orílẹ̀-Èdè. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìtẹríba ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ka ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì nu omijé nù.

Ògiri tó wà lẹ́yìn àga Olùdarí ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ṣófo. Olùdarí wò ó títí, ó ní àwòrán pílánẹ́ẹ̀tì ló yẹ ibẹ̀, àwòrán tuntun tí irú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá kankan rí. Kámẹ́rà kan wà lára ọkọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á láti ọdún mẹ́sàn-án kí iná má baà tán.

"Ẹ jí i," ni Olùdarí wí.

Wọ́n jí i. Òtútù ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, nítorí náà kámẹ́rà ọ̀hún ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń mú un gbóná, tó ń tan, tó ń pa, fúnra rẹ̀. Àwòrán tó yà dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí yìnyín ti bo ojú rẹ̀. Olùdarí fi férémù aláwọ̀ wúrà yí i ká, ó gbé e kọ́. Àwọn àlejò á dúró níwájú rẹ̀, wọn á mi orí. "Ó mà jinlẹ̀ o," ni wọ́n máa ń sọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Olùdarí wọ yàrá Àǹtí Elétí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gba hẹ́dífóònù, ó gbé e wọ̀ ní ìdàkejì, ó dijú.

Gbì-gbì. Gbì-gbì. Gbì-gbì.

"Kí lèyí?"

Akọ̀wé na ọrùn sún mọ́ ọn. "Ó jọ ọkàn tó ń lù, sà."

"Ọkàn ta ni?"

"Sà, ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń gbọ́ ibẹ̀, kò lù rí. Ẹ gorí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kí lẹ fẹ́ kí èmi ọmọ yín sọ?"

Àǹtí Elétí la ẹnu. "Sà, ẹ̀rọ tó ń mú kámẹ́rà gbóná ni. Ìgbàkigbà tó bá ti tan..."

Olùdarí gbé ìka kan sókè láìlajú. "Ṣe pẹ̀lẹ́, ìyá. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Bí oyè ṣe di mẹ́ta nìyẹn. Ó fi Ẹni-Tí-Òfuurufú-Ń-Bá-Sọ̀rọ̀ kún méjì àkọ́kọ́. Láràárọ̀, ní aago mẹ́jọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á gbé gbì-gbì náà jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì dìde, wọn á fọwọ́ lé àyà. Alásè ilé oúnjẹ á fi ọwọ́ kan lé àyà, á fi ìkejì máa ro ìkòkò. Rédíò gbé e. Ìwé ìròyìn ya Olùdarí bó ṣe ń tẹ́tí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Ó ránṣẹ́ pe dókítà ilé iṣẹ́.

"Dókítà, ọkàn tèmi ń lù nígbà méjìléláàádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ti pílánẹ́ẹ̀tì ń lù nígbà ogójì. Kò bójú mu. Ẹ bá mi dín tèmi kù."

"Sà, tí n bá dín in kù débẹ̀, ẹ máa dákú."

"Fún bí ìṣẹ́jú mélòó?"

Akọ̀wé ló yọ dókítà nínú ewu. Ó ní ibẹ̀ jìnnà, ó di dandan kó rẹ ọkàn náà díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Olùdarí rò ó, ó sì gbà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ṣé nínú gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ni? Gbogbo wọn ló mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ ọ́, yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí ni wọ́n ń gbé e lọ, kó máa nu eruku. Olùdarí ti gbé ẹni méjì lọ. Àga tó ṣẹ́ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Àǹtí Elétí kò bìkítà nípa rédíò. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọjọ́ ìkẹyìn ọkọ̀ ń bọ̀, gbì-gbì yìí kò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìró èèrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ni. Wọ́n kàn ní láti pa kámẹ́rà náà ni. Ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ ni pé kò sí àṣẹ tó gbọ́dọ̀ lọ sí ọkọ̀ láìjẹ́ pé Olùdarí buwọ́ lù ú.

Ó kọ lẹ́tà. Wọ́n dá a padà nítorí pé oyè kẹta kò sí níbẹ̀. Ó kọ òmíràn pẹ̀lú oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olùdarí fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí lẹ́tà náà pé: "A kì í pe ọkàn ní ariwo." Nígbà tó kọ ẹ̀kẹta, wọ́n ní kó wá fúnra rẹ̀.

"Ìyá, ọmọ mélòó lo bí?"

"Mẹ́ta, sà."

"Nígbà tí ọkàn wọn ń lù nínú rẹ, ṣé o ní kí wọ́n pa á?"

"Rárá, sà. Kámẹ́rà kọ́ ni mo lóyún rẹ̀."

Akọ̀wé húkọ́ kíkankíkan kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá máa kú," ni Olùdarí wí, "Mínísítà máa wà níbí. Gbogbo ayé máa wà níbí. Pílánẹ́ẹ̀tì fẹ́ dágbére fún mi, ìwọ fẹ́ dí i lẹ́nu. Tí mo bá tún rí lẹ́tà rẹ kan ṣoṣo, wàá lọ bá àwọn àga."

Ó ku ọjọ́ kan. Olùdarí fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò nínú gbọ̀ngàn, ó sì bínú gidigidi: fáànù ń han, fíríìjì ń kùn, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ húkọ́ ní àárín gbólóhùn rẹ̀ tó dùn jù. Ó jókòó, ó sì kọ àṣẹ kan, ẹ̀dà rẹ̀ kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí Elétí gbé ẹ̀dà tirẹ̀ délé, ó jù ú sórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì kì í tán ní èékánná rẹ̀, mú un. Ìwé díẹ̀ ni ọkùnrin náà kà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fo ọ̀rọ̀. Ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù.

"Ìyá àwọn ọmọ."

"Hùn-ún."

"Kí ló dé tó ò jẹun?"

"Wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún mi jẹ́ lọ́la, ẹ ní kí n máa jẹun."

"Ọkọ̀ yín tó wà lókè yẹn, ta ló ni ín?"

"Ilé iṣẹ́ wa ni."

"Kámẹ́rà tó wà lára ẹ̀ ńkọ́?"

"Ilé iṣẹ́ wa náà ni. Ta ló tún fẹ́ ni ín?"

"Ṣé òun lẹ fi ń gbọ́ pílánẹ́ẹ̀tì?"

"Kámẹ́rà? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó ti rẹ̀ mí..."

"Àbí òun ló ń gbé ohùn ọ̀gá yín jáde?"

 Àǹtí Elétí na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó kà á bí ẹni tí kò rí i rí:

*Èmi, Olùdarí Àgbà Gbogbogbòò, Etí Orílẹ̀-Èdè, Ẹni-Tí-Òfuurufú-Ń-Bá-Sọ̀rọ̀, pàṣẹ pé láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la, gbogbo ẹ̀rọ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yìí, ìbáà wà lórí ilẹ̀, ìbáà wà lábẹ́ ilẹ̀, ìbáà wà lójú ọ̀run, tí kì í bá ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ pílánẹ́ẹ̀tì tàbí èyí tó ń gbé ohùn mi jáde, kí ẹ pa á. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ yóò rí pípọ́n ojú mi.*

"Ojú ọ̀run kò sí lọ́kàn ẹ̀," ló wí. "Ó kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀ ni."

"Èmi ò mọ ọ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí n wó ògiri, tí wọ́n buwọ́ lù ú, màá wó o ni. Ṣó buwọ́ lù ú?"

"Ó buwọ́ lù ú. Lẹ́ẹ̀mejì."

"Jẹun, jàre."

Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bá Àǹtí Elétí lẹ́nu ilẹ̀kùn Atẹbọ́tìnnì, ọkùnrin tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ọkọ̀. Ó ti ṣe ìṣirò lílọ àti bíbọ̀: tí kámẹ́rà bá máa dákẹ́ létí wa ní aago mẹ́wàá, àṣẹ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Atẹbọ́tìnnì ka ìwé náà, òógùn bò ó. "Àǹtí, ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi."

"Ṣé ìbuwọ́lù ẹ̀ kọ́ nìyí?"

"Òun ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tó ní lọ́kàn."

"Èmi ò gbé inú ọkàn ẹ̀. Ka ìlà ìkẹyìn fún mi."

"'Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀...'" Ó fọwọ́ lé orí. "Yéè."

"O rí i? Tó o bá fi ọ̀kan yìí sílẹ̀, èmi kọ́ ni kí o wá bá o."

Ẹ̀rù Olùdarí ló tẹ bọ́tìnnì náà. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa: nínú gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn, kò sí ohun tó ṣiṣẹ́ tó ẹ̀rù rẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá ku díẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti pa fáànù, wọ́n ti pa fíríìjì, omi àlejò lọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ sì ti lẹ̀ mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́yìn. Mínísítà, obìnrin àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń fi ìwé ètò ayẹyẹ fẹ́ ara rẹ̀. Gbì-gbì ń lù nínú gbohùngbohùn. Olùdarí dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn ayé, ẹ kú oríire pé ẹ wà láyé nígbà tí mo wà níbẹ̀! Àwọn baba ńlá yín wo ojú ọ̀run títí ọrùn fi wọ́ wọn, ojú ọ̀run kò wò wọ́n rí. Nígbà tí mo dé, ó yíjú padà. Ó wí pé, ta nìyẹn? Ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ẹ gbọ́ ọ!"

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Aago mẹ́wàá lù.

Gbì...

Kẹ́kẹ́ pa.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ fò dìde. "Ó dákẹ́ fún wọn! Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, ó dákẹ́! Ọ̀wọ̀ rèé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnu ya Olùdarí fúnra rẹ̀, àmọ́ ìyanu tó bá bu iyì kún un kì í pẹ́ di àmọ̀ọ́mọ̀ṣe lójú rẹ̀. "Ẹ rí i. Mo ní kó dákẹ́. Ó dára, sọ̀rọ̀!" Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Kò sí nǹkan kan.

Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé òsì. Ó gbé méjèèjì. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. "Mo ní sọ̀rọ̀! Èmi ni. Èmi ni mo dé yìí."

"Bóyá ó ń mí, sà," ni Akọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

Mínísítà fi ìwé tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ lélẹ̀. "Ta ló ń bójú tó ohùn yìí?"

Àǹtí Elétí dìde lẹ́yìn pátápátá. Ó mọ̀ pé tí òun bá ní wáyà ló já, kò sẹ́ni tó máa bi òun léèrè mọ́. "Èmi ni, mà."

"Kí ló ṣe ọkàn náà?"

"Ọkàn kọ́, mà. Ẹ̀rọ tó ń mú kámẹ́rà ọkọ̀ wa gbóná ló ń dún bẹ́ẹ̀. A pa á láàárọ̀ yìí bí Olùdarí ṣe pàṣẹ."

"Irọ́!" ni Olùdarí ké. "Ta ni mo pàṣẹ fún?"

Atẹbọ́tìnnì dìde pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti fo nǹkan kan, ó kà á láti oyè àkọ́kọ́ dé ìbuwọ́lù kejì. Nígbà tó dé "ìbáà wà lójú ọ̀run", ẹ̀rín kan bọ́ jáde ní imú alásè. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá gbọ̀ngàn náà dúró mọ́. Àwọn tó ti fọwọ́ lé àyà fún oṣù mẹ́rin di ikùn mú.

"Àwòrán dúdú tí mo rí nínú ọ́fíìsì yín," ni Mínísítà bi Olùdarí, "ṣé kámẹ́rà yìí ló yà á?"

"Òun ni, mà."

"Ó jinlẹ̀ lóòótọ́."

Olùdarí wo Akọ̀wé pé kó gba òun. Akọ̀wé ti kọjá sẹ́yìn àga Mínísítà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ síhà ibẹ̀.

"Ẹ tan-an padà!" ni Olùdarí kígbe. "Nísinsìnyí! Kó lù!"

"Sà," ni Àǹtí Elétí wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "àṣẹ tó bá kúrò níbí báyìí kò ní bá ọkọ̀ náà. Ó ti wọ inú àlàfo láti nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn. Ó ti jóná tán. Ìròyìn ẹ̀ ló ṣì wà lọ́nà."

"Ta ló fún un láṣẹ pé kó jóná? Mo buwọ́ lù ú?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sáré jáde lọ sí yàrá Atẹbọ́tìnnì, ó ti ilẹ̀kùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé ilé iṣẹ́ yẹn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́: ó kọ àṣẹ, ó fi oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣíwájú rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Nínú gbọ̀ngàn, Mínísítà ní kí wọ́n tan fáànù. Àǹtí Elétí bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní àárọ̀ yìí." Wọn kò tan-an.

Ní aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú, ó dé. Gbogbo wọn ti ń retí ìjì. Kì í ṣe ìjì. Ó rọra ń ta pín-ín, pín-ín, bí iyanrìn díẹ̀díẹ̀ lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni ìfé kan wá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó pòórá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ká ní gbì-gbì Olùdarí ṣì ń lù ni, kò sí etí tí ì bá gbọ́ ọ, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n máa rán padà lọ gbọ́. Àǹtí Elétí di hẹ́dífóònù mú mọ́ orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwọn tó wà níwájú gbàgbé pé òógùn bò wọ́n.

"Kí ló ń sọ?" ni Mínísítà bi í, pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́.

"Kò sọ nǹkan kan fún wa, mà. Kò mọ̀ pé a wà."

Mínísítà mi orí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ gbohùngbohùn. Wọ́n gbọ́ ọ títí di aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìfé kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́, ó kàn já ní àárín. Àǹtí Elétí kọ aago náà sílẹ̀, ó sì yọ hẹ́dífóònù kúrò lórí. 

Olùdarí kò jáde títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ń dúró de ìdáhùn. Ìgbà tí lẹ́tà ìyọnípò fi máa dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣì ń bi ẹni tó gbé e wá pé: "Ṣé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni?"

Àṣẹ rẹ̀ ní tirẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀ ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò bá ẹnì kankan nílé, ó sì kọjá. Kò sí ògiri lọ́nà ibẹ̀ tó lè dá a dúró. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń lọ, oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú rẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa dìde dúró fún un.